Ìrìn-àjò wa sí Antarctica: ẹ ka iye èrò kẹ́ ẹ tó wọkọ̀

Ọjọ́ kìíní, Ushuaia

Lọ́sàn-án la balẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ pàdé wa, o ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lára àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfurufú ó ti fẹ́ já fìlà gbà lórí ẹ. Ìlú yìí wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní Ajẹntínà, ní erékùṣù Tierra del Fuego, àwọn òkè tí yìnyín bo orí wọn wà lẹ́yìn ẹ̀, omi Beagle Channel wà níwájú ẹ̀, àwọn òpópónà ẹ̀ sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sí etí omi débi pé tó o bá ṣáà ti ń lọ sísàlẹ̀, èbúté lo máa já sí. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní gúúsù pátápátá ayé, ti ń gbéra.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ wá. Báàgì tèmi jáde, tiwọn ò jáde. A dúró títí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù fi dúró, kò sí nǹkan kan mọ́, wọ́n ní ó ti ṣẹ́kù sí Buenos Aires. Ẹ gbọ́ o, pápákọ̀ òfurufú méjì ló wà ní Buenos Aires. Ezeiza wà lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè òkun ń balẹ̀ sí, Aeroparque sì wà nínú ìlú gangan, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ abẹ́lé ti ń gbéra. Tẹ́ ẹ bá máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kí àkókò tó wà láàárín pọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì dé Ushuaia, ó kéré tán, ọjọ́ kan ṣáájú, torí ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de báàgì ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan tó ń háyà aṣọ òtútù ní òpópónà San Martín ló kó wa yọ. Ṣòkòtò tí omi ò lè wọ̀ la lọ háyà lọ́wọ́ ẹ̀ (ẹ má wulẹ̀ rà á, ẹ ò ní lò ó ju ìrìn yìí lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á sì yá yín ní bàtà gígùn, àwọn míì á tún fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé). Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ báàgì ló gbé fóònù, ó bá àwọn ará pápákọ̀ sọ̀rọ̀ lédè Spéènì fún ìgbà pípẹ́, ó ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ẹrù wa, ó wá bọ́ súwẹ́tà onírun àgùntàn tó wà lọ́rùn ẹ̀, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní tá a bá padà dé ká dá a padà. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. A ò mọ ara wa rí o.

Lálẹ́ a jẹ centolla, alákàn ńlá tí wọ́n ń pa nínú omi ibẹ̀, ẹran ẹsẹ̀ ẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ó wọ́n, mi ò sì ní kọ iye rẹ̀ síbí torí owó peso kì í dúró sójú kan, wọ́n tilẹ̀ lẹ bébà tuntun bo iye tó wà lára ìwé oúnjẹ wọn.

Ọjọ́ kejì, a wọkọ̀

Láàárọ̀ a lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ló kọ́ ọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1902, ìjọba tì í pa ní 1947, ó ti di mùsíọ́mù báyìí. Apá kan wà tí wọn ò tún ṣe rárá, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, òtútù ibẹ̀ wọ egungun.

Ó ku bíi wákàtí méjì ká wọkọ̀ ni takisí kan dúró níwájú òtẹ́ẹ̀lì, awakọ̀ náà gbé báàgì ẹ̀gbọ́n mi jáde. Obìnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn ló rán an, fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ló sì fi gbà á. Owó tó wà lára mítà nìkan ló gbà, a fẹ́ fi díẹ̀ lé e, ó ní rárá. Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà fún un lédè wa, kò gbọ́ ọ àmọ́ ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ wa ò tóbi, èrò inú ẹ̀ ò tó 200. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní èbúté ni ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn kan wà tó ń kó èrò tó lé ní 2,000, ó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ó ní tíátà, ilé oúnjẹ inú ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó lókè, wò ó nílẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, kí ló dé tí kì í ṣe ìyẹn la wọ̀? Ṣebí Antarctica náà ló ń lọ, owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì tiwa." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ yín ò ní kan ilẹ̀."

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ro irú ìrìn yìí fara balẹ̀ kà nìyí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó èèyàn lọ Antarctica ní ẹgbẹ́ kan, IAATO lorúkọ ẹ̀, ilé iṣẹ́ 7 ló dá a sílẹ̀ ní 1991. Òfin wọn, tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Antarctica (àdéhùn tí wọ́n jọ fi ń ṣàkóso ibẹ̀) náà fọwọ́ sí, ni pé ọkọ̀ tó bá kó èrò tó ju 500 kò gbọdọ̀ sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀, wọ́n á kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Èyí tó bá sì kó 500 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, èèyàn 100 ló pọ̀ jù tó lè wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbì kan. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ 100 nínú ọkọ̀, gbogbo yín lẹ máa jọ sọ̀ kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ 200, ìpín méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400, ìpín mẹ́rin, ìpín kan á wà nílẹ̀, àwọn yòókù á wà nínú bóòtù lórí omi tàbí kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ títí á fi kàn wọ́n. Nítorí náà iye èrò tó wà nínú ọkọ̀ ló ń sọ iye wákàtí tẹ́ ẹ máa lò nílẹ̀, kì í ṣe bí bẹ́ẹ̀dì ṣe rọ̀ tó. Ìwé ìpolówó wọn á kọ ilé oúnjẹ sí ojú ewé àkọ́kọ́, iye èrò á wà nísàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré. Nísàlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

A gbéra nírọ̀lẹ́, Ajẹntínà lápá òsì, Ṣílè lápá ọ̀tún, omi náà pa rọ́rọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kẹta, Drake Passage

Mo kọ èyí ní ìdùbúlẹ̀. Drake Passage ni omi tó wà láàárín Cape Horn, ìparí Gúúsù Amẹ́ríkà, àti àwọn erékùṣù South Shetland ti Antarctica, ó tó 800 kìlómítà níbi tó ti fún jù, ọkọ̀ sì máa ń fi bí ọjọ́ méjì kọjá ẹ̀. Kò sí ilẹ̀ kankan tó dí atẹ́gùn lójú ọ̀nà yíká ayé níbẹ̀, bí ìgbì bá ti gbéra, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Kápẹ́ẹ̀nì ní ìgbì tòní ga tó mítà márùn-ún, ó ní kò burú. Ife já bọ́, àga yí gbirigbiri, ohun tí mo jẹ láàárọ̀ jáde padà.

Ìyá àgbà tó wà ní yàrá òdìkejì ló kan ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ ìró mi. Ó gbé atalẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ṣúgà ṣe, ápù tútù àti bísíkí gbígbẹ wá, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n má wo fóònù rárá. Bíi wákàtí méjì síra wọn ló ń padà wá wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní nǹkan kan, àwọn ló lọ jẹun nílé oúnjẹ tí èèyàn ò kún ìdajì ẹ̀, wọ́n wá ń ròyìn ọbẹ̀ fún mi.

Fún ẹni tó ń bọ̀: oògùn èébì, ẹ lò ó kí ọkọ̀ tó jáde kúrò nínú Beagle Channel, tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ò lè dúró nínú mọ́. Yàrá tó wà nísàlẹ̀ láàárín gbùngbùn ọkọ̀ ni kì í mì púpọ̀, owó ẹ̀ ló sì máa ń kéré jù. Yàrá olówó ńlá tó wà lókè téńté yẹn ni ìgbì ń fì jù.

Ọjọ́ kẹrin, Drake síbẹ̀

Ara mi ti balẹ̀. Ẹyẹ albatross ńlá kan ń tẹ̀ lé wa láti àárọ̀, ìyẹ́ ẹ̀ tó bá nà án tán lè ju mítà mẹ́ta lọ, ó ń fò láìgbọn apá rárá.

Gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ kó aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa inú àpò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ èso koríko tó há sídìí bàtà, wọ́n tú báàgì kámẹ́rà. Hóró koríko kan ṣoṣo láti ibòmíì lè hù níbẹ̀ kó ba ilẹ̀ jẹ́. Inú mi dùn bí wọ́n ṣe ṣe é láìṣojúsàájú, ọ̀gá ńlá kan ń kùn, wọ́n ní kó yọ bàtà ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́sàn-án la wá jókòó ti ìyá àgbà yẹn àti ọkọ ẹ̀, bàbá náà sì mọ ìtàn àwọn ọkọ̀ yìí dunjú, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá wọn rìn. Ó ní ọkọ̀ tí àwọn kọ́kọ́ bá wá síbí ni Silver Explorer ti Silversea, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ọlọ́lá kan. Finland ni wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ yẹn ní 1989, ó ti jẹ́ orúkọ lóríṣiríṣi kí Silversea tó mú un ní 2008, òun ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ expedition, ìyẹn fífi ọkọ̀ kékeré kó èèyàn lọ síbi jíjìnnà tí wọ́n ti ń fi bóòtù sọ̀ kalẹ̀. Ní 2023 wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ Faransé kan, ó di Exploris One. Bàbá ní nígbà táwọn gbọ́, ó dà bíi pé wọ́n ta ilé tí àwọn gbé dàgbà.

Ìtàn yẹn gùn o, ó sì yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n kó tó sanwó. Lars-Eric Lindblad ló kó àwọn arìnrìn-àjò àkọ́kọ́ irú èyí wá sí Antarctica ní 1966, nígbà tó di 1969 ó ti ní ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ yìí gan-an, Lindblad Explorer. Lẹ́yìn tí Soviet Union túká, àwọn ọkọ̀ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti Rọ́ṣíà wọ iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀dì tóóró, oúnjẹ lásán, àmọ́ wọ́n kéré, wọ́n sì lágbára nínú yìnyín. Àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́lá kò kọ́kọ́ kọbi ara sí i. Ìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn oníbàárà tó ti rí gbogbo etíkun tán ń bèèrè yìnyín ni wọ́n yíjú síbí. Silversea mú Silver Cloud, ọkọ̀ ọlọ́lá tó ti wà láti 1994, wọ́n fi irin kún ara ẹ̀, wọ́n dín iye yàrá kù, ní 2017 ó jáde bí ọkọ̀ expedition. Silver Wind tẹ̀ lé e ní 2021.

Àárín 2019 sí 2023 ni gbogbo nǹkan wá yí. Àwọn ọkọ̀ expedition tuntun, Scenic Eclipse, Roald Amundsen ti Hurtigruten, Greg Mortimer, àwọn Hanseatic tuntun ti Hapag-Lloyd, National Geographic Endurance, Le Commandant Charcot ti Ponant, Viking Octantis àti Viking Polaris, Seabourn Venture àti Seabourn Pursuit, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Le Commandant Charcot yẹn le jù nínú wọn, Polar Class 2 ni (ìwọ̀n bí ọkọ̀ ṣe lágbára tó nínú yìnyín nìyẹn, nọ́ńbà tó bá kéré ló le jù), ó dé Òpó Àríwá ayé ní oṣù Kẹsàn-án 2021 pẹ̀lú gáàsì àti bátìrì. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù jẹ́ Polar Class 6, ìyẹn ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n lè wọ yìnyín, yìnyín tí kò tíì gbó púpọ̀.

Èyí tó wọ̀ mí létí jù ni ti Crystal Endeavor. Jámánì ni wọ́n ti kọ́ ọ, ní Stralsund, 2021 ló jáde, ọkọ̀ tó rẹwà tí èrò 200 péré wà nínú ẹ̀. Oṣù Kìíní 2022, Genting, ilé iṣẹ́ tó ni Crystal tó ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, kógbá sílé. Ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún kan di ohun tí wọ́n ń wá ẹni tó máa rà. Royal Caribbean tó ni Silversea san mílíọ̀nù 275 dọ́là, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí Silver Endeavour, kí ọdún yẹn tó parí ó ti wà nínú yìnyín Antarctica. Crystal fúnra ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó míì, ó padà sójú omi ní 2023 pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá méjì, kò sí ọkọ̀ expedition nínú ẹ̀ mọ́.

Bí tuntun ṣe ń wọlé ni àtijọ́ ń jáde. Bremen ti Hapag-Lloyd kúrò, ó di Seaventure.  Owó wà lára ohun tó fà á. Láti 2011 ni wọ́n ti fòfin de epo dúdú tó nípọn nínú omi Antarctica, Polar Code, ìlànà àgbáyé fún ọkọ̀ tó ń rin omi yìnyín òpó ayé méjèèjì, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 pẹ̀lú òfin tó le lórí irin ọkọ̀, bóòtù ìgbẹ̀mílà àti bí wọ́n ṣe ń da omi ìdọ̀tí nù, kí ọkọ̀ àtijọ́ tó lè bá a mu, owó kékeré kọ́.

Bàbá ń ṣàárò àwọn ọkọ̀ àtijọ́, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Èmi ò bá a sunkún ní ti ààbò o. Lindblad Explorer tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, orúkọ ẹ̀ ti di Explorer lásán nígbà tó gbá yìnyín, tó sì rì nítòsí King George Island ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 2007. Èèyàn 154 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló yè, ọkọ̀ Nordnorge ló kó wọn kúrò nínú bóòtù ìgbẹ̀mílà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan nínú òtútù. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú àwọn tuntun ni pé iye èrò ń lọ sókè. Ọkọ̀ tó ń kó 130 kúrò, èyí tó kó 260 tàbí 378 wọlé, wọ́n kó ọkọ̀ abẹ́ omi àti hẹlikópítà lé e lórí, àwọn èèyàn ń wo ìyẹn, wọn ò bèèrè pé ìpín mélòó ni wọ́n máa pín àwọn sí. Lásìkò 2023 sí 2024, iye èèyàn tó wá síbí ju 120,000 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọn ò tó 10,000.

Ọjọ́ karùn-ún, Half Moon Island àti Deception Island

Ilẹ̀! Láago mẹ́fà àárọ̀ gbogbo ọkọ̀ ti wà lójú fèrèsé. A fi Zodiac lọ, bóòtù rọ́bà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sí nídìí, èèyàn mẹ́wàá nínú ọ̀kan. Half Moon kún fún chinstrap, pẹngúìnì tí ìlà dúdú gba abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀. Ariwo wọn pọ̀, òórùn wọn sì kọ́kọ́ fẹ́ dá mi padà, àmọ́ kò pẹ́ tí imú fi gbà á.

Òfin ni pé kẹ́ ẹ fi mítà márùn-ún jìnnà sí wọn. Wọ́n ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ti tẹ̀ nínú yìnyín, ẹ ò gbọdọ̀ dí i. Tó bá jẹ́ àwọn ló wá bá yín, ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ jókòó, ẹ ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ gbé báàgì sílẹ̀, torí fúlúù tó ń pa ẹyẹ ti dé ilẹ̀ Antarctica láti 2024, bàtà nìkan ni kó kan ilẹ̀, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ lójú yín tẹ́ ẹ bá padà dọ́kọ̀.

Lọ́sàn-án ọkọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan wọ inú Deception Island. Òkè oníná ni, àárín ẹ̀ ló jìn wọnú tí omi òkun fi wọ ibẹ̀, o wà nínú ẹnu òkè tó ṣì lè bú. Ó bú ní 1967, ó tún bú ní 1969. Ẹrẹ̀ tó ya wá ní 1969 bo apá kan ibi tí àwọn ará Nọ́wè ti ń se ọ̀rá àbùùbùtán láàárín 1912 sí 1931, táńkì ńlá ńlá tó dípẹtà ṣì wà níbẹ̀, àti sàréè. Èéfín ń jáde létí omi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ọwọ́ wọn bọ iyanrìn, kíá ni wọ́n yọ ọ́, ó gbóná. Àwọn kan bọ́ṣọ wọ́n bẹ́ sómi, èmi dúró pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì wọn.

Ọjọ́ kẹfà, Cuverville àti Neko Harbour

Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa torí òun ni mo tìtorí ẹ̀ wá.

Ní erékùṣù Cuverville, gentoo, irú pẹngúìnì míì, ló pọ̀ jù, ẹnu wọn pupa bí ọsàn tó pọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ti tóbi tó láti máa lé ìyá wọn kiri fún oúnjẹ. Ìpín kejì la wà. A dúró lórí ọkọ̀ nígbà tí ìpín kìíní wà nílẹ̀, wákàtí kan àti díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kàn wá, a lo iye kan náà. Mo ro ẹni tó bá wà nínú ìpín kẹrin.

Neko Harbour ni ilẹ̀ Antarctica gangan, kì í ṣe erékùṣù. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dúró lójú kan, wọ́n ní "Olúwa, mo dúpẹ́," omi ń bọ́ lójú wọn. Odò yìnyín kan wà ní òdìkejì tó ga bí ilé alájà púpọ̀. A ò tíì gun òkè tán nígbà tí ìró kan dún, ara yìnyín ya, ó ṣubú sómi. Àwọn afinimọ̀nà ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má dúró létí omi, torí tí yìnyín bá já, ìgbì á gun ilẹ̀ wá. Ó wá lóòótọ́, ó gbá gbogbo etí omi níbi tá a ti sọ̀ kalẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gòkè níbẹ̀, ẹ gòkè, ẹ má dúró ya fọ́tò.

Afinimọ̀nà wa, ọmọbìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń kọ́ nípa ẹyẹ, ní ká pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ká pa kámẹ́rà. Ẹ máa gbọ́ bí yìnyín ṣe ń ta pákápáká lómi, afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀ láti ayébáyé ló ń jáde. Ohun tó ń mú èèyàn san irú owó yìí nìyí. Kò sí ètò orin lálẹ́, kò sí ibi tẹ́tẹ́, èèyàn ò tilẹ̀ mọ ibi tó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́la torí yìnyín àti atẹ́gùn ló ń pinnu ẹ̀, àmọ́ ẹni tó mọ orúkọ ohun gbogbo ló dúró tì ẹ́ tó ń ṣàlàyé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pé afinimọ̀nà mélòó ni wọ́n ní. Ọ̀kan fún èrò 20 ni òfin sọ pé kó wà nílẹ̀.

Ọjọ́ keje, atẹ́gùn

Lemaire Channel, ọ̀nà omi tóóró kan láàárín òkè, ló wà nínú ètò. A débẹ̀, yìnyín ti dí i pa. Kápẹ́ẹ̀nì yí ọkọ̀ padà, a lọ síbi kejì, atẹ́gùn ibẹ̀ ga ju ohun tí Zodiac lè fara dà. Àwọn kan bínú, wọ́n ní àwọn sanwó. Kápẹ́ẹ̀nì ò dá wọn lóhùn púpọ̀, mo sì gbà pé ó tọ̀nà. Ètò tó wà nínú ìwé wọn, ìrètí ni, kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ látilé.

Ó kó wa lọ sí Paradise Harbour, níbi tí omi ti pa rọ́rọ́. Ilé pupa ti àwọn ará Ajẹntínà wà níbẹ̀, Brown Station. Ní 1984, dókítà tó wà níbẹ̀ dáná sun ún nígbà tí wọ́n ní kó tún dúró fún ìgbà òtútù míì.

Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì Zodiac wa ti kú. Yìnyín ló há sí i nídìí. Atẹ́gùn sì gba ìbọ̀wọ́ mi, ó gbé e sómi. Atukọ̀ wa kọ́kọ́ fi ọ̀pá kó ìbọ̀wọ́ yẹn kúrò lójú omi, torí ẹnì kan ò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó bọ́ tiẹ̀ fún mi, ó ń fi ọwọ́ òfìfo tún ẹ́ńjìnnì ṣe nínú òtútù yẹn títí bóòtù kejì fi wá fà wá. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ méjì dání o, ẹ̀yin tó ń bọ̀.

Bá a ṣe ń retí bóòtù yẹn ni àbùùbùtán méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, humpback ni wọ́n, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí kó tó di pé a rí wọn. Ọ̀kan gba abẹ́ Zodiac kọjá, a rí funfun apá ẹ̀ nínú omi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ, Port Lockroy

Ilé onígi kékeré tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1944 nígbà ogun ni, ó ti di mùsíọ́mù àti ilé ìfìwéránṣẹ́ láti 1996. Àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan ló ń gbé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń ta sítáǹpù, wọ́n ń ka pẹngúìnì tó ń yé ẹyin sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn wọn. Káàdì tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ á gba àwọn erékùṣù Falkland kọjá, ó lè pẹ́ kó tó dé.

Ọjọ́ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, Drake padà

Omi rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹun ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí mò ń wá ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì nínú ọkọ̀ tí kò lọ́lá púpọ̀ wà láàárín 6,000 sí 10,000 dọ́là fún irú ìrìn yìí, àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá ju 15,000 lọ dáadáa. Ọtí, ìwẹ̀, yàrá tó fẹ̀ àti oúnjẹ aládùn ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀, pẹngúìnì tẹ́ ẹ máa rí, kò yàtọ̀. Tí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ lọ sínú ọkọ̀ kékeré tí kò lọ́lá, ẹ má lọ sínú ọkọ̀ ńlá tó lọ́lá. Oṣù Kọkànlá ni yìnyín mọ́ jù, ìparí oṣù Kejìlá sí Kìíní ni ọmọ pẹngúìnì ń jáde nínú ẹyin, oṣù Kejì àti Kẹta ni àbùùbùtán pọ̀ jù.

Inṣọ́ránsì tó máa gbé yín kúrò tí àìsàn bá dé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú fò, kò sí ọsibítù níbẹ̀. Tó bá le, pápákọ̀ òfurufú Ṣílè tó wà ní King George Island ni wọ́n máa gbé èèyàn lọ, ìyẹn tí ojú ọjọ́ bá gbà. Àwọn kan tó ń sá fún Drake máa ń wọ ọkọ̀ òfurufú láti Punta Arenas lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sọ́kọ̀ ojú omi, àmọ́ ìkùukùu lè dá wọn dúró.

Bàbá tún fún wa ní ìmọ̀ràn kan tí mo kọ sílẹ̀. Nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ yìí ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n ń yí orúkọ padà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó lórí orúkọ ilé iṣẹ́. Ká wá orúkọ ọkọ̀ gangan, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, orúkọ tó ti jẹ́ rí, Polar Class ẹ̀, àti iye èrò tí wọ́n máa kó ní Antarctica, torí àwọn ọkọ̀ kan ń dín in kù níbẹ̀. Silver Cloud tí yàrá ẹ̀ gba 254 máa ń kó bíi 200 tó bá wá síbí.

Ọjọ́ kọkànlá, Ushuaia

Aago mẹ́jọ àárọ̀ a ti wà lórí ilẹ̀. Ẹ má gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tó máa gbéra kó tó di ọ̀sán, tí Drake bá bínú ọkọ̀ lè pẹ́ wọlé. A dá súwẹ́tà padà fún obìnrin ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi ti fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nínú ọkọ̀, wọ́n fi káàdì Port Lockroy kan sínú ẹ̀. Obìnrin náà pè wá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó po tíì fún wa, ó ń bèèrè gbogbo ẹ̀, ó ní àtìgbà tí wọ́n ti bí òun sí ìlú yìí òun ò tíì débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ̀rọ̀ South Georgia, erékùṣù tí king penguin wà lọ́pọ̀ yanturu àti níbi tí wọ́n sin Shackleton, olùṣàwárí Antarctica àtijọ́, sí ní 1922. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìrìn yẹn tí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ Antarctica. Ní pápákọ̀, kí wọ́n tó pè wá wọlé, wọ́n ti wá ọkọ̀ mẹ́rin lórí fóònù wọn, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Àbúrò, méjì ló ju 200 lọ nínú wọn, mo ti yọ wọ́n kúrò."